Owó Ẹ̀kọ́ Láti Òkè Òkun: Bí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Lè Rí I Gbà, Kó sì Ná An Bó Ṣe Yẹ

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ èyíkéyìí láti Ìwàyà títí dé Bàrígà ní Èkó, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi dìde béèrè pé: "Ṣebí àwọn òyìnbó ń fi owó ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà, níbo ló ń wọlẹ̀ sí?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, alága á ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìbéèrè náà yẹ fún èsì. Mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tọ́jú ìwé owó, ohun tí mo sì rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé owó yìí kì í tọ ẹni tí ìyà ń jẹ jù lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá gún régé ló ń tọ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tó tòṣì lè ní owó ẹ̀kọ́ nílẹ̀ ní Washington kó má lè fọwọ́ kàn án, nítorí pé ìròyìn ìnáwó ti tẹ́lẹ̀ kò pé. Ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà lè jẹ́ kí bílíọ̀nù náírà sùn sí Àbújá nítorí pé kò dá ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Mushin lè pàdánù owó kíláàsì méjì nítorí pé orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ló wà lórí àkáǹtì. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo kọ èyí fún àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní SBMC, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CDA, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ ní Mainland.

Kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé

Ọ̀nà mẹ́ta ni, wọn ò sì jọra rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á máa kọ lẹ́tà sí ibi tí kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ọ̀nà kìíní ni ti ìjọba sí ìjọba. Ibẹ̀ ni owó ńláńlá wà. Ẹ gbé Global Partnership for Education yẹ̀ wò, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní GPE. Ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ Fast Track Initiative, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2011, Nàìjíríà sì wọlé ní 2012. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni láti ran àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n GPE kì í fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan lówó tààrà. Nínú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú á jókòó pọ̀, wọ́n á fẹnu kò lórí ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè náà, wọ́n á sì yan àjọ kan tí owó máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tí á máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná an. Báǹkì Àgbáyé ni nígbà mìíràn, UNICEF ni nígbà mìíràn.

Bó ṣe rí nìyẹn ní 2015, nígbà tí GPE fọwọ́ sí 100 mílíọ̀nù dọ́là fún Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ 5 ló gbà á: Jigawa, Kaduna, Kano, Katsina àti Sokoto. Èkó kò sí níbẹ̀, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí pé apá àríwá ni àwọn ọmọ tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó wà ní Mushin tó ń kọ lẹ́tà sí GPE ní Washington ń fi ìwé ṣòfò ni.

Ohun kan wà níbí tí a kì í sábà sọ létí àwọn òbí. Kì í ṣe gbogbo owó tó wá láti òkè òkun ni ẹ̀bùn. Àwọn tó kọ́ni tàbí tó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba ní Èkó láàárín 2009 sí àwọn ọdún tó tẹ̀lé e á rántí Eko Project. Owó wọ àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n fi ra ohun èlò ìkọ́ni, wọ́n fi tún nǹkan ṣe. Inú ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IDA ni 95 mílíọ̀nù dọ́là tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ti wá, ẹ̀yáwó sì ni. BESDA ti 2017, ètò Báǹkì Àgbáyé fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 611 mílíọ̀nù dọ́là, ẹ̀yáwó ni òun náà. Nínú ìwé Báǹkì Àgbáyé, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré jù, bíi Tógò àti Níjẹ̀r. Wọ́n kà wá mọ́ àwọn tó rọ́wọ́ họrí díẹ̀, èyí ló fà á tí ẹ̀bùn tó ń kàn wá fi kéré tí gbèsè sì pọ̀. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì tí wọ́n fi gbèsè yẹn tún ṣe ló máa dàgbà tán tí á bá wọn san án. Ìyẹn nìkan tó ìdí tí òbí fi ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná an.

BESDA tún kọ́ wa ní ohun mìíràn. Kì í ṣe pé wọ́n kó owó lélẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èsì ni wọ́n ń sanwó fún: ọmọ mélòó ló wọlé ẹ̀kọ́, mélòó ló lè kàwé. Ẹni tí kò sí lára ìjọba ló máa ń lọ yẹ iye yẹn wò kí owó tó jáde. Ìpínlẹ̀ tí kò bá ní àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé á ṣiṣẹ́ tán, á sì jókòó láìgba kọ́bọ̀.

Lára ọ̀nà yìí kan náà ni owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tiwa ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Kí ìpínlẹ̀ tó rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ gbà, ó gbọ́dọ̀ fi iye kan náà lélẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Ẹ̀yin tó ń wá owó kiri ní òkè òkun, ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí olùrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ máa ń bi orílẹ̀-èdè ni èló lòun fúnra rẹ̀ fi sí ẹ̀kọ́. Ní Incheon lọ́dún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò pé ó kéré tán kí ìjọba fi ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó rẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Ìbéèrè yẹn kan náà ni wọ́n máa bi ẹgbẹ́ yín: kí lẹ̀yin ti dá?

Fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà kékeré, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ béèrè bóyá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín wà nínú ètò iṣẹ́ tí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ tó wà ní Maryland, fi ránṣẹ́ sí Àbújá lọ́dún náà. UBEC tún ní ètò kan fún àwọn SBMC láti fi tún ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣe fúnra wọn, SBMC-SIP lorúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni kò tíì gbọ́ ọ rí. Ti gírámà àgbà yàtọ̀. Education District, ìyẹn ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ fún agbègbè yín, ni ẹ máa lọ. Ti àwa ará Mainland, Surulérè àti Apapa wà ní Sábó, Yábàá.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú. GPE ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní Education Out Loud, àwọn Oxfam ti ilẹ̀ Denmark ló ń bójú tó o. Àpò yìí kì í kọ́ ilé, kì í ra bẹ́ńṣì. Owó àwọn tó ń ṣọ́ ìnáwó ìjọba tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ní gbangba ni. Ní Nàìjíríà, CSACEFA ni àjọṣepọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn kí ẹ tó máa ronú owó: àwọn ló máa ń wà ní ìjókòó tí wọ́n ti ń pín in, ẹni tí kò sì sí níjókòó kì í mọ ohun tí wọ́n jẹ.

Ọ̀nà kẹta ló bá ẹgbẹ́ kékeré mu jù: owó kéékèèké láti ilé aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè ní Àbújá. Japan ní ọ̀kan fún àwọn ará ìpìlẹ̀. Ohun tó ṣeé fojú rí ni wọ́n ń sanwó fún, bíi kíláàsì, kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn kì í san owó oṣù, wọn kì í ra ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì máa ń fẹ́ rí iye tí kọngílá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá lé iṣẹ́ náà. Canada ní Canada Fund for Local Initiatives, tí kì í kọjá 100,000 dọ́là tiwọn fún ẹgbẹ́ kan. Australia ní Direct Aid Program. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún ìbéèrè lọ́dún, ọjọ́ náà kì í sì gùn. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé, ó ti bọ́.

Ẹ má lo àkójọ àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n kọ ṣáájú 2025. USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti Oṣù Keje ọdún yẹn, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ pé òun máa dín owó ìrànwọ́ òun kù sí ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà tó bá fi máa di 2027. Àwọn tó ń du ìwọ̀nba tó kù ti pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé ẹrù náà: nígbà tí wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n rí ju 12,000 lọ. Síbẹ̀, láti 2019 ni GPE ti pinnu pé owó òun kò ní wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èrè, ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ló sì ń ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn sáré lọ forúkọ ẹgbẹ́ àánú sílẹ̀, kí ọkọ jẹ́ alága, kí ìyàwó jẹ́ akápò, kí àbúrò jẹ́ akọ̀wé. Kì í ṣe ohun tó ń pẹ́ kó tó hàn.

Ìwé ẹgbẹ́

Ibí yìí kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alágbàtọ́ (Incorporated Trustees), lábẹ́ Apá F òfin iléeṣẹ́ CAMA ti 2020. Ó kéré tán, alágbàtọ́ méjì. Ẹ máa kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ máa fi àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn alágbàtọ́ hàn, ẹ sì máa polówó sínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC láàárín 30 Oṣù Kẹfà sí 31 Oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi ránṣẹ́, àmì àìṣiṣẹ́ ló máa wà lára orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, ibẹ̀ sì ni olùrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

Ẹ gba nọ́ńbà owó orí. Ẹ gba ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ìwà ọ̀daràn mọ́, tó wà lábẹ́ EFCC. Báǹkì máa béèrè rẹ̀ kó tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìwé SCUML. Bí ẹnìkan bá ní ká san owó gọbọi kí òun tó bá wa gbà á, owó ìrìnàjò tirẹ̀ ló ń gbà yẹn. Àkáǹtì náírà kan, àkáǹtì dọ́là kan, lórúkọ ẹgbẹ́. Kí ó kéré tán èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá.

SBMC tí kò ní ìwé CAC kò gbọ́dọ̀ bọ́hùn. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó ti ní ìwé, bóyá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n bá yín gba owó náà. Ẹ kọ àdéhùn: ta ló ni owó, ta ló ń fọwọ́ sí i, ìdá mélòó ni wọ́n máa yọ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn. Ẹ má fi í sí ẹnu lásán.

Ẹ tún kọ ìlànà ààbò ọmọ, ojú ìwé méjì ti tó. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2007, ẹ gbé e lé e. Kí ó sọ ẹni tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn, kí ó sì sọ pé a kì í ya fọ́tò ọmọ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnìkan á pe fóònù yín pé òun mọ ẹnìkan ní Àbújá, owó ti jáde, ₦150,000 fọ́ọ̀mù ló kù. Kò sí olùrànlọ́wọ́ gidi tó ń gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹ pa fóònù.

Ẹ ka àwọn ọmọ fúnra yín

Gbogbo ìwé ìbéèrè owó tí mo ti kà ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye mílíọ̀nù ọmọ tí kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń kà á ti mọ̀ ọ́n, àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí kò mọ̀ ni iye ọmọ tó wà ní òpópónà mẹ́fà tó yí ilé-ẹ̀kọ́ yín ká.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ gbọọrọ, ẹ fa ìlà sí i: ilé, ọjọ́ orí ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣé ó ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, kíláàsì wo ló ti fi í sílẹ̀, ìdí. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ kó fẹ̀ jù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí òbí sọ gan-an. "Wọ́n ní kó ra àga wá." "Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ya." "Òun ló ń bá mi gbé àbúrò rẹ̀." Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó o pọ̀ tí ẹ rí i pé àga ni ó pọ̀ jù nínú ìdí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa béèrè, ẹ̀yin fúnra yín ò sì ní lè jiyàn rẹ̀.

Lórí omi ní Makoko, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. Ẹ fi ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí àti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ṣe àmì. Kí ẹni tó gbọ́ èdè Ègùn wà láàárín yín, kí obìnrin lọ bá obìnrin sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì lọ láàárọ̀ tí wọ́n ń múra ọjà. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sínú ẹ̀dà tí ẹ máa fi ránṣẹ́ síta.

Àbá

Ohun kan ṣoṣo ni kí ìwé àbá sọ. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ tún òrùlé ṣe, kọ́ àwọn olùkọ́ ní kọ̀ǹpútà, fún àwọn ìyá ní owó òwò, kó sì gbógun ti oògùn olóró, nínú oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé kò sí ọ̀kan tó máa parí. Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, iye ọmọ tó kàn, ohun tí ẹ máa ṣe, ohun tó máa yàtọ̀ tí a lè kà, àti ẹni tí á máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí owó bá tán. Ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ́ sàn ju ogún lọ. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí akọ̀wé yín lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, torí wọ́n á pè yín.

Lórí ẹni tí á máa tọ́jú rẹ̀ yẹn, ẹ rántí ilé-ẹ̀kọ́ tó léfòó ní Makoko, tí ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí yà. UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́, wọ́n parí rẹ̀ ní 2013, àwòrán rẹ̀ sì lọ káàkiri ayé. Ní Oṣù Kẹfà 2016, òjò ńlá kan wó o lulẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ṣáájú. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ kọ́, ẹ kọ sínú àbá iye tí ìtọ́jú rẹ̀ máa ná lọ́dọọdún àti àpò tó máa ti wá, kódà bó jẹ́ ₦500 lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan ní táàmù.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì

Ẹ má kọ "Furniture: ₦3,000,000." Ká ní tábìlì àti àga ọmọ méjì-méjì lẹ fẹ́, 60. Ẹ kọ irú igi rẹ̀, 60, ₦45,000 lẹ́yọ kan, ₦2,700,000. Lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ láti Mushin sí Ìwàyà, ìrìn mélòó, èló ní ìrìn kan. Lábẹ́ ìyẹn, owó àwọn tó máa rù ú wọlé. Ẹ so iye tí káfíńtà mẹ́ta kọ fún yín mọ́ ọn. Bí ẹ bá mú èyí tó wọ́n jù nínú mẹ́ta, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Àga nìkan kọ́ ni ìnáwó. Owó báǹkì, ẹni tó máa yẹ ìwé owó wò, àti àtúntẹ̀ ìròyìn, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ohun tí kò bá sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àpò akápò ló máa ti jáde.

Náírà ló ń yọ ẹgbẹ́ lẹ́nu jù. Ní Oṣù Karùn-ún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní ìwé ìjọba. Báǹkì àpapọ̀ tú okùn rẹ̀ ní àárín Oṣù Kẹfà, kí oṣù náà tó parí ó ti lé ní ₦700, nígbà tó sì fi máa di Oṣù Kejì 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ dé ní dọ́là rí náírà tó pọ̀ ju èyí tó béèrè lọ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe ìlérí náírà fún kò rí iye àga tó retí rà. Nítorí náà, ẹ kọ iye dọ́là sí náírà tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ lò ó sí òkè bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí náírà bá pọ̀ sí i, ẹ má ná àlékún náà kí ẹ tó kọ̀wé béèrè. Bó bá dín kù, ẹ tètè sọ.

Owó ti dé

Ibí ni ẹgbẹ́ púpọ̀ ń ṣubú sí, kì í sì í sábà jẹ́ torí olè. Ẹni tó ná owó dáadáa tí kò lè fi hàn pé òun ná an, lójú ọ̀dítọ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tó jẹ ẹ́.

Mo bá akápò ẹgbẹ́ kan lọ ra àga ní Mushin. Káfíńtà gba owó tán, ó ya rìsíìtì, ó kọ "furniture" sí i, ó kọ iye, ó fà á lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bá mi kọ iye àga sí i, àti èló lẹ́yọ kan."

"Màámi, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Ẹni tó máa ka rìsíìtì yìí ni kò mọ̀ yín."

Ó tún un kọ. Ó kọ ọjọ́, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ dípò "Màámi Ìwàyà" tó kọ́kọ́ kọ, ó kọ 20 tábìlì ní ₦45,000, ₦900,000, ó kọ iye náà ní ọ̀rọ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Akápò náà kò tíì kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tó fi kọ nọ́ńbà ìsanwó sí igun rìsíìtì náà, tó sì ya fọ́tò rẹ̀. Rìsíìtì tó tọ́ nìyẹn.

Ìyá tó ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, alágbàrù, awakọ̀, wọn ò ní rìsíìtì. Ẹ lọ sí Ṣómólú, ẹ tẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó tó ní nọ́ńbà tẹ̀léra-tẹ̀léra: orúkọ ẹni tó gbowó, iṣẹ́ tó ṣe, iye, fóònù, ibi tó máa fọwọ́ sí tàbí tẹ̀ka sí, àti ibi tí ẹlẹ́rìí máa fọwọ́ sí. Èyí tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ má ya á jáde. Àwọn ìyá wa kì í fún alájọ lówó kó má tẹ káàdì; kí owó ilé-ẹ̀kọ́ má rọrùn ju ti àjọ lọ.

Ohun tó bá ti kọjá iye kan, ẹ san án láti báǹkì sí báǹkì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi rà sí ibi tí báǹkì ti ń béèrè àlàyé. "Trf" kì í ṣe àlàyé. Kí owó ọwọ́ kéré, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe akápò máa kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń yan ọlọ́jà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sanwó, ẹni tó ń sanwó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba ọjà wọlé.

Ẹ má yá owó yìí lò. Kódà bí bàbá alága bá kú, kódà bí a bá máa dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Báǹkì máa fi í hàn nínú ìwé àkáǹtì, àlàyé ìsìnkú kò sì sí nínú àdéhùn. Bí ẹ bá fẹ́ mú owó kúrò ní ìlà kan sí ìmíràn, ẹ wo àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ló ń ní ohun tó bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Àṣẹ orí fóònù kì í ṣe àṣẹ. Ẹ kọ ọ́ sí ímeèlì, kí wọ́n dáhùn níbẹ̀.

Àwọn olùbẹ̀wò, àti ẹ̀tọ́ yín lọ́dọ̀ ìjọba

Ẹ má fi owó ètò rán aṣọ ẹbí de olùbẹ̀wò. Ẹ kó ìwé sórí tábìlì. Ìwé wíwá sí kíláàsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n fi bírò kan kọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìwé tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ máa ń ní oríṣi bírò, ó máa ń dọ̀tí létí, ọjọ́ òjò máa ń hàn nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, ẹ sọ pé ó pẹ́ àti ìdí rẹ̀. Kò tíì sí olùbẹ̀wò tí mo rí tó bínú sí òtítọ́ tó dé lásìkò.

Ní ti owó tó gba ọwọ́ ìjọba kọjá, ẹ kò nílò ojúrere ẹnikẹ́ni. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé, ẹ kò sì ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì náà ní láti dáhùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ béèrè ohun tó ṣe pàtó: iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́dún báyìí, orúkọ kọngílá, iye iṣẹ́ náà, iye tí wọ́n ti san. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ ọ̀kan ní òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kí ẹ sì mú un bọ̀.

Nígbà tí ètò bá parí, owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà tàbí kí ẹ gba ìwé àṣẹ láti ná an. Ẹ kọ nọ́ńbà sára gbogbo àga àti kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ẹni tí wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i pé òun gbà wọ́n. Àdéhùn máa sọ iye ọdún tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé pamọ́ fún; ọdún 5 ni kí ẹ kà sí èyí tó kéré jù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni méjì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì, ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ nítorí omi òjò, kó sì wà nílé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe nílé akápò, torí pé akápò lè kó lọ sí Ìkòròdú lọ́la.